Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Tí Ìlú Ọba Rẹ̀ Parí sí Ibi Tí Bọ́ọ̀sì 36 Ti Ń Yí Padà

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n ní Peckham,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ sì kú ìjókòó sójú kan. Ẹ má wẹ̀yìn wò, ẹ̀yin náà ni mò ń kí.

Ẹ má bínú pé ojú gbogbo ayé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ti kọ̀rọ̀ yàrá. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp, ẹ fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Mo fi fọ́tò òkè mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ fi àdúrà oṣù tuntun tí wọ́n ya òdòdó sí lára san án padà fún mi. Mo pè yín, ẹ ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá pe ìyàwó yín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn láti ọdún tí wọ́n ti bí àkọ́bí, kí n máa bá Ọlọ́run sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn òǹkàwé jókòó tì wá, kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí. Kí àwọn náà má sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní irú yín nílé, àwọn mìíràn sì ni irú yín gan-an.

Ẹjọ́ mi kò gùn. Ẹ ti wà ní ilẹ̀ yìí láti 1996, ẹ kò sì tíì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé tí ẹ fi owó ara yín rà. Ní 2014 tí ẹ fẹ́ di ọmọ onílùú (ohun tó mú kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kọ́ la wá sọ níbí o), ẹ ra ìwé ìdánwò Life in the UK, ẹ sì há a sórí bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń há katikísìmù. Ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, ẹni tí kò bá gba 18 yóò padà wá sanwó mìíràn. Ẹ yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màámi pa adìyẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé yẹn dárúkọ Loch Lomond, ó dárúkọ Giant's Causeway, ó dárúkọ Eden Project àti Lake District àti Snowdonia, ó ní ibi tó yẹ kí èèyàn rí nìwọ̀nyí. Ẹ mọ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jí yín lójú oorun, ẹ óò kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Lọ́dún tó kọjá tí mo wá bi yín pé èwo lẹ ti fojú rí nínú wọn, ẹ ronú títí, ẹ wo òkè, ẹ wo ilẹ̀, ẹ ní London Eye. Mo ní, ṣé ẹ wọ inú rẹ̀? Ẹ ní rárá, ẹ rí i láti inú bọ́ọ̀sì.

Kì í kúkú ṣe pé ẹ ò mọ orúkọ ìlú. Ta ló mọ orúkọ ìlú ilẹ̀ yìí tó yín? Burnley, Sunderland, Middlesbrough, Wolverhampton, Swansea: ẹ mọ ẹni tó gbá góòlù wọlé níbẹ̀, ẹ mọ ìṣẹ́jú tó wọlé, ẹ mọ ohun tí rẹfirí fọwọ́ bò. Ṣùgbọ́n lójú yín, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé tó ń ra búrẹ́dì láàárọ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé rélùwéè wa dúró ní Wolverhampton fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ bi mí pé ipò kélòó ni wọ́n wà báyìí.

Mo ti gbọ́ àwíjàre yín. Ẹ óò ní, "Àbúrò, ṣebí èmi náà ń rìnrìn-àjò." Òótọ́ ni, ẹ ń rìn. Mo ti bá yín kà á: Birmingham lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Manchester lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Leeds lẹ́ẹ̀méjì, Milton Keynes ò níye. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, àádọ́ta ọdún, ìkómọ. Ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀sì já yín sí, inú họ́ọ̀lù lẹ ti jẹ, inú họ́ọ̀lù lẹ ti náwó, aago mẹ́ta òru lẹ tún wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ike àti abọ́ tí wọ́n fi dá yín lọ́lá. Títí dòní, ohun tí ẹ lè fi ṣe ìròyìn Leeds ni pé ẹran wọn le. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Yorkshire Dales kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń jó yẹn rárá. Ẹ̀bá òkè tó tẹ́ lọ rẹrẹ, àgùntàn bí ẹni tú òwú dànù sórí koríko, ògiri òkúta tó gun òkè tó sọ̀ kalẹ̀ tí wọn ò fi ẹyọ sìmẹ́ǹtì kan mọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá bíríkìlà jà lórí fóònù nítorí ilé yín tó wà ní Ìmọ̀pé, ẹ ò fẹ́ mọ bí ògiri tí kò ní sìmẹ́ǹtì ṣe ń dúró fún igba ọdún?

Ẹsẹ̀ yín kò kúkú wúwo. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí ojú ọjọ́ ti wù kó rí, ẹ óò wà ní Ojúde Ọba pẹ̀lú régbérégbé yín. Wákàtí mẹ́fà nínú bàálù, ó di Èkó, ẹ tún jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ ò ráhùn rí. Ẹni bá yín sọ̀rọ̀ rélùwéè wákàtí kan báyìí ló ń pa yín.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn yín kan wà tí mo fẹ́ kí á yanjú lónìí. "Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Tiwọn ni."

Bọ̀dá mi, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Sẹ̀kúríìtì ni, ti alẹ́. Ẹ gbọ́ ná. Ní ọdún 122 ní sànmánì Krístì, àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ ògiri kan ní àríwá ilẹ̀ yìí fún Hadrian, ọba wọn. Láti Wallsend ní ìlà oòrùn títí dé Bowness-on-Solway ní ìwọ̀ oòrùn, máìlì 73 ni. Òkúta kan wà tó jẹ́rìí pé ní ọ̀rúndún kẹta, ọmọ ogun tí wọ́n kó wá láti àríwá Áfíríkà ló ń ṣọ́ ìletò kan tí wọ́n ń pè ní Burgh by Sands lẹ́bàá ògiri náà. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ẹnu iṣẹ́ yín: ọmọ Áfíríkà ló dúró lẹ́nu ibodè òyìnbó, lóru, nínú òtútù, tó ń bi ẹni tó ń bọ̀ pé níbo lò ń lọ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún dáadáa. Ọ̀gá ńlá tó pàṣẹ kí wọ́n tún ògiri náà ṣe, Septimius Severus, ọmọ Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà ni, York ló sì kú sí ní 211. Bí ẹgbẹ́ àwọn sẹ̀kúríìtì bá fẹ́ ní ojúbọ, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti máa pa àgbò.

Mo mọ ohun tó ń yún yín létè. Ẹ fẹ́ sọ pé máìlì 73, kí ni ìyẹn? Pé Erédò Sùngbọ́ tiwa ní Ìjẹ̀bú lé ní 160 kìlómítà yí ká, pé ó jìn tó ogún mítà níbòmíràn. Mo fara mọ́ ọn, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo èèyàn wọ̀nyí, mo bẹ̀ yín, ẹ ti dé Erédò rí?

Mo gbọ́ ìdákẹ́ yín títí dé ọ̀dọ̀ mi níbí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin tí Bíbélì yín tóbi débi pé ọmọ kékeré ò lè gbé e. Àjàyí Crowther tó ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ Òsoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ibo ni wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù? Kàtídírà Canterbury ni, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Kàtídírà náà ò tíì ṣí kúrò. Láti St Pancras, rélùwéè tó ń sáré kì í gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ẹ ti tò fún ìrẹsì ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Brighton, ẹ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní òkun wọn kún fún òkúta, ẹ yí padà. Ẹ ò mọ̀ pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas nílùú yẹn ni Àìná, ọmọ Òkè-Ọdàn tí Dàhọ̀mì kó lẹ́rú, tí òyìnbó wá sọ ní Sarah Forbes Bonetta, ti fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní oṣù Kẹjọ 1862. Yorùbá fẹ́ Yorùbá, ní Brighton, kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìwé ìpè ìgbéyàwó yẹn ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò bá ti débẹ̀ kí pásítọ̀ tó dé.

Liverpool ńkọ́? Láti 1951 títí di 1972 ni ọkọ̀ òkun Aureol fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó wá síbẹ̀, tí àbúrò bàbá wa gbé àpótí onírin rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní èbúté náà nínú yìnyín. Anfield nìkan lẹ mọ̀ níbẹ̀. N kò ní fa ìyẹn gùn.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Nígbà tí mo sọ fún yín ní 2022 pé àríwá Wales ni mo ti rí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ẹ ní, "Ṣé kì í ṣe England náà nìyẹn?" Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ẹ bá wá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sókè. Ẹni tó bá pe ará Wales ní ará England dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ààfin Awùjalẹ̀ tó ń bi wọ́n pé ṣé Ẹ̀gbá nìyí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí ARAF tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà sórí títì. A rìn díẹ̀, mo tún rí ARAF. A yí kọ́nà, ARAF. Mo sọ fún awakọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Araf yìí ti náwó gan-an, ipò wo ló ń dù? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ní "rọra" ni ARAF túmọ̀ sí lédè wọn. Èdè wọn! Mo ti gbé nílé yín ní Peckham fún oṣù mẹ́jọ, ẹ ò sọ fún mi pé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì yìí ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ àlejò. Ẹ ò lè sọ ọ́, ẹ ò mọ̀. Ìkànìyàn 2021 ka nǹkan bíi 538,000 èèyàn tó ń sọ Welsh, ìyẹn 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Gwynedd níbí tí mo wà, wọ́n lé ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní báńkì, ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, òun lẹ óò máa gbọ́. Bí òjò bá sì rọ̀ (ó máa ń rọ̀), wọ́n á ní àwọn ìyá arúgbó àti ọ̀pá ló ń já bọ́ láti ọ̀run. Àwa ní tiwa kàn ń sọ pé òjò ń rọ̀ bí ẹni yí garawa dànù. Nítorí pé Jones pọ̀ láàárín wọn bí Àdùkẹ́ ṣe pọ̀ láàárín wa, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: Jones Oníwàrà, Jones Oníbúrẹ́dì. Ta ni kò mọ Ìyá Alákàrà àti Bàbá Télọ̀? Mo débẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Màmá kan wà ní ibi iṣẹ́ wa, ẹni ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún. Mo ń pè wọ́n ní Nain, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe ìyá àgbà. Àrùn ìgbàgbé ti kó Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́nu wọn pátápátá. Ìgbà tí wọ́n di ìyàwó ilé ni wọ́n tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òun ló sì kọ́kọ́ lọ. Welsh tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ló kù. Lóṣù àkọ́kọ́, bí mo bá fẹ́ wẹ̀ fún wọn, ìjà ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá kọ́ mi ní "bore da", ẹ káàárọ̀. Ó kọ́ mi ní "paned", ife tíì kan. Ó kọ́ mi ní "diolch", a dúpẹ́. Mo wọlé lọ́jọ́ kejì, mo ní "Bore da, Nain." Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi fún bí ìdajì wákàtí. N kò gbọ́ kan. Mo ń sọ pé "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn" bí a ṣe ń dá Ìyá Àgbà lóhùn ní Ìjẹ̀bú, ó sì tó wọn.

Ọmọbìnrin wọn, tí òun náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló wá sọ ìtàn kan fún mi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ọmọ bá sọ Welsh nílé-ìwé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ yìí, wọ́n á fi okùn so pákó kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn. WN ni wọ́n fín sí i lára, "Welsh Not". Ọmọ yẹn á máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣèèṣì sọ ọ́, kó lè bọ́ pákó náà sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ parí ni wọn óò nà. Ọmọbìnrin náà rò pé ohun ìyanu lòun ń sọ fún àlejò. Mo ní, Màmá, ti ilé-ìwé tèmi, páálí ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ rántí, àbí ẹ ò rántí? Ẹ̀yin kúkú lẹ ń san owó ìtanràn mi kí ẹ tó kúrò nílé. Páálí bísíkíìtì tí wọ́n gé, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sí lára pé èmi ni mo sọ èdè ìbílẹ̀, tí mo gbé kọ́rùn láti àsìkò oúnjẹ ọ̀sán títí ago fi lù. Kí ni mo sọ? Mo ní kí Múyìbí bá mi mú rọ́bà mi wá. Èmi náà ṣọ́ ẹlòmíràn, mo sì rí i mú. Ta ló kọ́ àwọn tíṣà wa? Ìwà kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló rán an káàkiri. Àdánwò rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún aládùúgbò wọn nílé kí wọ́n tó di ẹrù rẹ̀ wá fún wa.

Ibi tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí fárígá. William Morgan ti parí Bíbélì wọn lédè Welsh ní 1588, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú odindi Bíbélì tiwa tó jáde ní 1884, wọ́n sì di ìwé yẹn mú bí ẹni di okùn mú nínú kànga. Nígbà tí ìjọba fẹ́ yẹ àdéhùn lórí tẹlifíṣàn èdè Welsh, Gwynfor Evans, olóṣèlú wọn kan, ní òun óò gbààwẹ̀ títí òun óò fi kú. Ìyẹn ní 1980, lójú Margaret Thatcher tí kì í gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìjọba gbà. Tẹlifíṣàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1982, orí rẹ̀ ni Nain ti ń wo ìròyìn ní alaalẹ́. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje ń lọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi Welsh kọ́ni. Ó ń sọ Yorùbá fún mi, ó ń sọ Welsh fún olùkọ́, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún tẹlifíṣàn. Àwọn ọmọ yín méjèèjì, tí mo fẹ́ràn bí ẹyin ojú, nígbà tí mo ní "Ẹ káàárọ̀" fún wọn ní Kérésìmesì, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n ní "Hi, Auntie." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ má sọ nǹkan kan, àwọn èèyàn ń kà á.

Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀yin gan-an lẹ máa fẹ́ràn wọn jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, wọ́n máa ń ṣe Eisteddfod, ọ̀sẹ̀ kan gbáko fún ewì àti orin, Welsh nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Akéwì tó bá borí, àga ni wọ́n ń fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n á fun kàkàkí, àwọn àgbà á jáde nínú agbádá funfun, ti búlúù àti ti aláwọ̀ ewé, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Aṣọ ẹbí, Bọ̀dá mi! Wọ́n á fa idà ńlá kan yọ díẹ̀ nínú àkọ̀, olórí wọn á kígbe béèrè pé ṣé àlàáfíà wà. Gbogbo èèyàn á dáhùn pé àlàáfíà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè. Ó ku ẹṣin àti ìbọn ṣákábùlà kó di Ojúde Ọba. Owó nìkan ni wọn ò mọ̀ ọ́n ná sí akéwì lórí, mo sì gbà pé ẹ̀yin lè kọ́ wọn.

Òkè tó ga jù níbí náà ńkọ́? Snowdon lẹ há sórí nígbà ìdánwò yín; Yr Wyddfa ni onílé ń pè é, láti 2022 ni àwọn alábòójútó ọgbà òkè náà sì ti ní orúkọ yẹn làwọn óò máa lò. Mítà 1,085 ni. Kí ẹ má sọ̀rọ̀ orúnkún, nítorí mo mọ̀ pé òun ló kàn. Rélùwéè kékeré kan ti ń gun òkè náà láti Llanberis láti 1896, eyín irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gé ojú irin jẹ kó má baà yọ̀. Ẹ óò jókòó ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjókòó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ olóòótọ́ díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé mo rí ẹni àgbà fín. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè wọ́n. Ọjọ́ míì wà tí owó bàálù lọ sí Spain kéré sí ti ìlú tó wà nítòsí. Àwọn ìletò kan sì wà tí mo wọlé sí tí ife dúró lójú ọ̀nà ẹnu, tí gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó já bọ́ látorí àjà. Ní oṣù Kẹjọ 2024 tí àwọn jàǹdùkú ń fọ́ nǹkan kiri ní àwọn ìlú kan, ẹ̀yin lẹ ń pè mí ní gbogbo aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ ní kí n má jáde, kí n ra gaàrí pamọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ọ̀lẹ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dé ní 1996 rí ohun tí èmi ò rí.

Mo tún mọ ibi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ. Ara mi ló wà. Owó tí ẹ kò fi rí Lake District ló gbé mi kúrò ní ọdún kìíní dé ọdún kẹrin ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tó tún san físà mi. Ẹ ò sọ ọ́ rí. Ìyàwó yín ló sọ ọ́, ọjọ́ tí mo ní Bọ̀dá mi ò gbádùn ayé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbìyànjú láti fi ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́, nítorí mo ti parí ilé-ìwé láti 2010, ẹ ò sì tíì kúrò lórí bọ́ọ̀sì 36.

Ó dáa. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, lọ àti bọ̀, orúkọ yín àti ti ìyàwó yín ló wà lórí rẹ̀, wọn kì í sì í dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ má tilẹ̀ béèrè. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, láti Euston sí Bangor, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ibẹ̀, ẹ ò gba ìsinmi tí kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Òde rí, ó sì bi mí pé ṣé ara yín yá. Ẹ wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀, kì í ṣe aláwọ dúdú tó ń dán yẹn. Ẹ má gbé kúlà dání. Gaàrí Ìjẹ̀bú, ẹ gbé ìyẹn wá, kí ó pọ̀. Ọmọbìnrin Nain tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, ó ní kíkan rẹ̀ dára, ó ti ń béèrè.

Bí ẹ bá ti kọjá Chester, ẹ jókòó sí apá ọ̀tún, òkun ni ẹ óò máa wò títí ẹ óò fi dé. Bí rélùwéè bá sì dúró ní Milton Keynes, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Mo ti wádìí, kò sí òde kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni àbúrò yín tó ń bọ̀wọ̀ fún yín, tó sì ń dúró ní ibùdókọ̀.